Ọ̀dọ̀ Àkùkọ Ni Ìtàn Họ́mọ̀nù Òwúrọ̀ Ti Ṣẹ̀

Bí dókítà bá fẹ́ yẹ testosterone, họ́mọ̀nù tó ń mú akọ jẹ́ akọ, wò lára ọkùnrin, àárọ̀ kùtù ló máa ń ní kó wá, kó má tíì jẹun. Họ́mọ̀nù yìí máa ń gòkè bí a bá ti sùn, á pọ̀ jù lọ ní nǹkan bí aago méje sí mẹ́jọ òwúrọ̀, á sì máa rọlẹ̀ títí di alẹ́. Ibo ni ìmọ̀ yìí ti wá? Àwọn kan á ní Brown-Séquard ni, onímọ̀ ìṣègùn ẹni ọdún 72 tó kéde ní Paris lọ́dún 1889 pé òun fi oje ẹpọ̀n ẹranko gún ara òun lábẹ́rẹ́, agbára òun sì padà. Ẹ jẹ́ ká fi bàbá yẹn sílẹ̀. Omi ló fi fa oje náà, testosterone kì í sì í fẹ́ yòrò nínú omi: ìgbàgbọ́ ló ràn án lọ́wọ́.

Àkùkọ mẹ́fà ni mo dúró lé lórí. Ní Göttingen, nílẹ̀ Jámánì, onímọ̀ nípa ara ẹ̀dá kan, Arnold Berthold, tẹ̀ wọ́n lọ́dàá. Ó yọ kóró ẹpọ̀n méjèèjì lára méjì pátápátá. Àwọn yẹn ò kọ bí akọ mọ́, wọn ò jà, ogbe orí wọn ò sì dàgbà. Ó yọ kóró kan lára méjì mìíràn, ó já ìkejì kúrò láyè rẹ̀. Méjì tó kù, ó gba kóró ti ọ̀kan sínú ikùn èkejì. Mẹ́rin yìí kọ, wọ́n jà, wọ́n lé àgbébọ̀ kiri. Nígbà tó là wọ́n, kóró náà ti lẹ̀ mọ́ ìfun, iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun ti wọ inú rẹ̀. Ó kọ ọ́ lọ́dún 1849 pé inú ẹ̀jẹ̀ ni agbára akọ ń gbà.

Àwọn baba wa náà ti mọ ìdajì rẹ̀ o. Òbúkọ tí a bá tẹ̀ lọ́dàá á sanra, òórùn rẹ̀ á dín kù, ìjà á tán lára rẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ dán an wò, kí ló sì rí? Mo fura pé olówò ẹran kan tí akọ ń dààmú ni.

Èmi gbà pé Berthold ti gbọ́ aago inú ara tó ń gbé họ́mọ̀nù yìí gòkè lówùúrọ̀ létí. Igbe ló fi ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ rẹ̀ yọrí, ìdájí sì ni àkùkọ ń kọ jù. Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ ní Nagoya fi àkùkọ sínú ìmọ́lẹ̀ bàìbàì tí kì í yí padà, síbẹ̀ wọ́n ń kọ lásìkò: aago wà nínú ara wọn. Ẹni tó bá ní mo ti sún un jù, kó máa sọ ọ́. Rudolf Wagner, ará Göttingen kan náà, gbìyànjú iṣẹ́ Berthold, kò bọ́ sí i, ọ̀rọ̀ náà sì sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìyókù yára. Lọ́dún 1935, ẹgbẹ́ Ernst Laqueur ní Amsterdam rí testosterone fà jáde láti inú kóró akọ màlúù. Lọ́dún 1943, Gregory Pincus, tí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí sọ di olókìkí lẹ́yìn náà, rí i pé àṣẹ́kù họ́mọ̀nù nínú ìtọ̀ àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń yàtọ̀ láti ọ̀sán sí òru. Àwọn olùwádìí méjì, Resko àti Eik-Nes, wọn testosterone fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lọ́dún 1966. Lọ́dún 1983, olùwádìí Bremner àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé gíga òwúrọ̀ yìí ń rọ̀ lára àwọn àgbàlagbà. Oorun ló sì ń gbé e gòkè jù: ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú, tó wá sùn lọ́sàn-án, ojú oorun ọ̀sán yẹn ni tirẹ̀ náà ń gòkè.