Òṣùwọ̀n ọ̀nà: bí a ṣe ń yí rúútà lérò padà láì fọwọ́ kan wáyà

Awakọ̀ tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Èkó lè gba ọ̀nà márosẹ̀, ó sì lè yà gba Abẹ́òkúta. Bó bá jẹ́ pé iye ìlú tó wà láàárín nìkan ló ń kà, ọ̀nà márosẹ̀ ni yóò máa gbà ṣáá, ì báà jẹ́ ọjọ́ tí tírélà dábùú rẹ̀. Irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ ni RIP, ìlànà àtijọ́ kan tí àwọn rúútà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí dátà láti ibì kan sí ibòmíràn, fi ń júwe ọ̀nà fún ara wọn, èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún íntánẹ́ẹ̀tì ní 1988. Iye rúútà tí dátà máa là kọjá ló ń kà. Kò bèèrè bóyá ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀ fẹ̀ tàbí ó há. Tí iye náà bá sì ti dé 16, ó gbà pé ibẹ̀ kò ṣe é dé mọ́.

Nọ́ńbà tí rúútà ń wò yẹn là ń pè ní metric. Èmi á máa pè é ní òṣùwọ̀n ọ̀nà. Tí ọ̀nà méjì bá lọ sí ibì kan náà, èyí tí òṣùwọ̀n rẹ̀ kéré ni rúútà ń mú. Ẹni tó bá ń yí òṣùwọ̀n padà kàn ń kọ nọ́ńbà mìíràn lé ọ̀nà lórí ni, kí rúútà lè fúnra rẹ̀ gbà pé ọ̀nà tí a fẹ́ ló rọrùn jù.

OSPF, ìlànà mìíràn tí rúútà fi ń yan ọ̀nà, la ojú ju RIP lọ. Ó ń bu owó, tó jẹ́ òṣùwọ̀n tirẹ̀, lé pọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ojú ihò wáyà tí dátà ń gbà jáde, ó sì ń ro owó náà pọ̀ títí dé ibi tí dátà ń lọ. Lórí ọ̀pọ̀ rúútà tí ilé iṣẹ́ Cisco ń ṣe, bí kò bá sí ẹni tó yí i padà, 100 mẹ́gábíìtì ni wọ́n ń fi ìyára pọ́ọ̀tù pín. Pọ́ọ̀tù tó ń gbé 10 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan á jẹ́ 10, èyí tó ń gbé 100 á jẹ́ 1.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, torí owó náà kò lè kéré ju 1 lọ. Pọ́ọ̀tù gígábíìtì kan (ẹgbẹ̀rún mẹ́gábíìtì), 1 ni. Ti gígábíìtì mẹ́wàá, 1 náà ni. Ẹ jẹ́ ká ní rúútà mẹ́ta: A, B àti C. Wáyà gígábíìtì kan ló so A mọ́ C tààrà. Gígábíìtì mẹ́wàá ló so A mọ́ B, òun náà ló so B mọ́ C. Ọ̀nà tààrà jẹ́ 1, èyí tó gba ọ̀dọ̀ B jẹ́ 2. OSPF á kó gbogbo ẹrù sórí ọ̀nà tóóró, ọ̀nà gbàgede á sì máa ṣòfò.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé ká gbé 100 yẹn sókè. Tí a bá kọ "auto-cost reference-bandwidth 100000" sínú rúútà, gígábíìtì kan á di 100, gígábíìtì mẹ́wàá á di 10. Ọ̀nà ọ̀dọ̀ B á wá jẹ́ 20, ti tààrà á jẹ́ 100, ẹrù á sì ṣí lọ. Bó bá jẹ́ pọ́ọ̀tù kan ṣoṣo la fẹ́ fọwọ́ kàn, àṣẹ "ip ospf cost" ti tó.

Ohun tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí máa ń gbàgbé ni pé owó àtijáde ni owó náà. Ká ní A nìkan la tún ṣe, tí a fi B àti C sílẹ̀. Dátà tó ń ti A lọ sí C á gba ọ̀dọ̀ B, torí 10 àti 1 jẹ́ 11. Ṣùgbọ́n lójú C, ọ̀nà tààrà sí A ṣì jẹ́ 1, nítorí náà ibẹ̀ ni èsì á gbà padà. Àlọ gba ibì kan, àbọ̀ gba ibòmíràn. Kì í fìgbà gbogbo léwu, àmọ́ tí fáyáwọ́ọ̀lù, ẹ̀rọ aṣọ́nà tó ń yẹ dátà wò, bá wà lójú ọ̀nà kan, ìdajì ọ̀rọ̀ ló máa gbọ́, ó sì lè da ìdajì yẹn nù.

Kí ló dé tí a kò jẹ́ kí rúútà máa wo bí ọ̀nà ṣe dí tó, kó máa yí nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀? Wọ́n ti dán an wò. Ní 1979, ARPANET, ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà tó ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀ sí í fi bí dátà ṣe ń pẹ́ lójú ọ̀nà ṣe òṣùwọ̀n. Ó dáa nígbà tí ẹrù kò pọ̀. Nígbà tí ẹrù wá pọ̀, ó dà bí ìgbà tí gbogbo awakọ̀ Èkó gbọ́ lórí rédíò pé Third Mainland ṣófo: gbogbo wọn ya síbẹ̀, ó dí, wọ́n tún ya padà. Ní 1987 ni wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n fi òdiwọ̀n sí bí nọ́ńbà náà ṣe lè fò tó. Èmi ò kórìíra nọ́ńbà tó dúró sójú kan.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù tí òṣùwọ̀n ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ ká lè tú rúútà ṣe láì já ẹnikẹ́ni kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àṣẹ "max-metric router-lsa" á gbé owó rẹ̀ sí 65535, èyí tó ga jù tí OSPF lè kọ fún pọ́ọ̀tù kan. Ẹrù tó ń là á kọjá á wá ọ̀nà mìíràn lọ, tí ọ̀nà mìíràn bá wà. Bí kò bá sí, wọ́n ṣì lè gba ibẹ̀. 65535 kò dà bí 16 ti RIP tó ń ti ilẹ̀kùn pa. Ẹ dúró kí ẹrù náà gbẹ tán lára pọ́ọ̀tù kí ẹ tó yọ wáyà, kí ẹ sì rántí pa àṣẹ náà rẹ́ tí ẹ bá ṣetán, torí rúútà náà á máa tan iná bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, kò sì sí dátà tó ní ọ̀nà mìíràn tó máa gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá.