Ẹnu Tí Wọ́n Ń Fi Ẹsẹ̀ Là: Ibi Tí Pẹ́dà Wáà-wáà Ti Ṣẹ̀, àti Èyí Tó Bá Béèsì Mu

Bí ọmọ ìkókó bá ń ké nílé wa ní Ọ̀yọ́, ìyá wa àgbà kì í kọ́kọ́ wá omi tàbí ọmú. Á ká àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni fẹ́ bu omi mu, á sì máa fi gbá ọmọ náà lẹ́nu jẹ́jẹ́. Ó bò ó, ó ṣí i, ó bò ó, ó ṣí i. Ẹkún tó ń lọ gbọọrọ tẹ́lẹ̀ á di "wà-wà-wà-wà", ẹ̀rín á sì pa gbogbo ilé. Kò ní pẹ́ tí ọmọ fúnra rẹ̀ á fi dákẹ́, kó lè gbọ́ ohun tó ń ti ẹnu òun jáde.

Níbẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, nítorí níbẹ̀ ni mo gbà pé pẹ́dà wáà-wáà ti ṣẹ̀, àpótí kékeré tí onígìtá ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn gìtá lè máa ṣe "wáà-wáà". Ẹni tó bá fẹ́ kí ó ṣẹ̀ láti ilé iṣẹ́ kan ní California, kó fara balẹ̀. A máa dé ibẹ̀, a ò kàn ní pẹ́ níbẹ̀ ni.

Ẹ fi ẹnu yín dán an wò. Ẹ sọ "u", kí ẹ wá máa rọra la ẹnu títí yóò fi di "a". Ẹ má jẹ́ kí ohùn gòkè, ẹ má jẹ́ kó wálẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni ọ̀fun ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹnu ló ń yan èyí tó máa jáde nínú ohun tí ọ̀fun gbé wá. Ohun tí ọwọ́ ìyá àgbà ń ṣe nìyẹn, òun náà ni pẹ́dà ń ṣe. Wáyà tín-ín-rín kan tí wọ́n ká jọ àti kapásítọ̀ kan ló wà nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì á gbé apá kan ohùn ga ju ìyókù lọ, ẹsẹ̀ tó ń tẹ pẹ́dà á sì máa ti ibi gíga yẹn rìn, láti nǹkan bí 400 Hz lọ sí 2,000 Hz àti díẹ̀ (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Bí ẹsẹ̀ bá fà sẹ́yìn, ẹnu pa dé. Bí ó bá tẹ iwájú, ẹnu là.

Ibí yìí ni èmi àti àwọn ará ilé mi ti máa ń ṣe àríyànjiyàn. Gbogbo ọmọ Ọ̀yọ́ tí mo bá sọ̀rọ̀ pẹ́dà fún ló ń sọ pé ìyá ìlù dùndún ni bàbá rẹ̀, pé ẹni tó ń fún ọṣán ìlù lábẹ́ apá ti ṣe wáà-wáà kí òyìnbó tó mọ ọ̀nà. Ẹ má bínú, bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí onílù bá fún ọṣán, awọ á le, ohùn á gòkè. Bí ó bá tú u, ohùn á wálẹ̀. Gíga àti ìrẹ̀sílẹ̀ ohùn nìyẹn, kì í ṣe ẹnu. Ìyá ìlù lè ya "wá", "wa" àti "wà" sọ́tọ̀ kedere, ṣùgbọ́n kò lè ya "wá" kúrò lára "bá" tàbí "jó". Ìdí nìyẹn tí àwọn onílù fi máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn, tí wọ́n á ki gbogbo oríkì kí wọ́n tó dé orúkọ, kí etí lè mọ èwo nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ olóhùn kan náà ni wọ́n ń sọ. Pẹ́dà ní tirẹ̀ lè ya "wu" kúrò lára "wa", ṣùgbọ́n "wá" àti "wà", ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. Ìlù ní ohùn, kò ní ẹnu. Pẹ́dà ní ẹnu, kò ní ohùn. Ẹni tó bá so méjèèjì pọ̀ ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, ọ̀dọ̀ oní-béèsì, ẹni tó ń lu gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, ni mo sì ń gbé ìyẹn lọ.

Ẹ jẹ́ ká yà bàrá díẹ̀ lórí orúkọ. Òyìnbó ń kọ ọ́ ní "wah-wah", kò sì sí ìtumọ̀ kankan nínú rẹ̀ ju ìró lọ. Ẹ wá gbọ́ orúkọ tí ilé iṣẹ́ Thomas Organ fún èyí tó lókìkí jù nínú pẹ́dà náà: Cry Baby. Ọmọ ẹlẹ́kún! Èmi ò sọ nǹkan kan o. Àwọn fúnra wọn ló gbọ́ ohun tó ń jáde nínú àpótí náà, tí wọ́n rántí ọmọ tó ń ké. Bí ẹni tó ṣe nǹkan bá fi ẹnu ara rẹ̀ pè é ní ẹkún ọmọ, kí ni a tún ń wá ẹlẹ́rìí sí?

Báwo ni ọwọ́ tó wà lẹ́nu ọmọ ṣe wá dé ẹnu fèrè idẹ? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò ó. Ní ọdún 1739, àwọn ẹrú dìde ogun ní Stono, ní South Carolina, wọ́n sì ń lu ìlù bí wọ́n ti ń lọ lójú ọ̀nà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìjọba ibẹ̀ ṣòfin tó gba ìlù lọ́wọ́ ẹrú, nítorí wọ́n ti mọ̀ pé ìlù ń pe èèyàn jọ. Ó dáa, wọ́n gba ìlù. Ta ló lè gba ẹnu? Ta ló lè gba àtẹ́lẹwọ́? Mo rò ó pé gbogbo ohun tí ìlù kò lè sọ mọ́ ló wọ inú ẹnu àti ọwọ́ lọ: àtẹ́wọ́, ìgbe, ìkérora, ọwọ́ lẹ́nu. Àwọn ìyá tí wọ́n kó kọjá òkun, ṣé ọmọ wọn kì í ké níbẹ̀ ni? Ṣé wọn kì í rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún? Bí ìyá mi àgbà ṣe ń rẹ ọmọ ní Ọ̀yọ́, n ò rí ìdí tí ìyá kan ní Louisiana kò fi ní ṣe bẹ́ẹ̀, kí ọmọ yẹn sì dàgbà kó gbé fèrè.

Ní New Orleans, ní Louisiana, níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí ẹrú lu ìlù kí wọ́n sì jó ní ọjọ́ Àìkú ní pápá Congo Square láyé ẹrú, ni King Oliver ti gbajúmọ̀ nígbà tó yá. Òun ni ọ̀gá Louis Armstrong. Fèrè idẹ kékeré ló ń fọn, kì í sì í fọn ọ́n lásán. Ife, gíláàsì, ohunkóhun tó bá ti ní ihò ló ń fi bo ẹnu fèrè náà, tó ń ṣí i, tó ń pa á dé, títí fèrè á fi máa ké bí èèyàn. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ká orin sínú àwo ní ọdún 1923, "wà-wà" yẹn ti wà níbẹ̀ ketekete. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Bubber Miley àti Tricky Sam Nanton wá nínú ẹgbẹ́ Duke Ellington. Rọ́bà tí àwọn púlọ́ńbà fi ń ti ìdọ̀tí lọ nínú páìpù ni wọ́n yọ igi kúrò lára rẹ̀, tí wọ́n fi bo ẹnu fèrè. Ẹ wo bí rọ́bà yẹn ṣe rí nígbà tí ọwọ́ bá dì í mú. Àtẹ́lẹwọ́ tí a ká bí ẹni fẹ́ bu omi mu gan-an ni.

Ní ọdún 1931, Clyde McCoy, òyìnbó afọnfèrè kan, ṣe àwo tó tà bí àkàrà, wáà-wáà ló sì kún inú rẹ̀. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí pé, nígbà tí pẹ́dà dé ní nǹkan bí ọdún 35 lẹ́yìn náà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi tà á. Àwòrán rẹ̀ wà lábẹ́ àwọn tó kọ́kọ́ jáde, tí wọ́n ṣe ní Ítálì. Afọnfèrè ni wọ́n fi sí abẹ́ rẹ̀ o, wọn ò fi onígìtá.

Ó dáa, California. Ní ọdún 1966, Brad Plunkett, ẹnjiníà ní Thomas Organ, ń wá bí yóò ṣe fi ohun tó dínwó rọ́pò ṣúwíìṣì olówó ńlá kan nínú áńpù Vox, ẹ̀rọ tó ń mú ohùn gìtá ròkè. Bọ́tìnnì tó ń yí ló fi sí i, ohùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wáà. Wọ́n gbé ohun náà sínú pẹ́dà tí àwọn olórgan fi ń mú ohùn ròkè, onígìtá Del Casher sì ní gìtá ló yẹ ẹ́. Plunkett àti Lester Kushner béèrè ẹ̀tọ́ ìdásílẹ̀ ní 1967, ìjọba fọwọ́ sí i ní 1970. Àwọn kan á ní Chet Atkins ti ń lo ohun tó jọ ọ́ kí wọ́n tó dé. Kó máa lò ó. Jimi Hendrix, onígìtá Amẹ́ríkà, gbé e káàkiri ayé. Gbogbo àwọn wọ̀nyí, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò ọwọ́. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò sẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó fi ẹ̀rọ lọ gàrí kọ́ ló mú gbágùúdá wá sáyé.

Ọmọ 1951 ni gìtá béèsì oníná tí gbogbo wa ń lù yìí, Leo Fender ló ṣe e. Kó tó di pé ó dé ọ̀dọ̀ wa, Àyìndé Bákàrè, olórin jùjú, ti so máíkì mọ́ gìtá jùjú ní nǹkan bí 1949, bí gìtá sì ti wá ń dún sókè báyìí ni àyè gba ìlù púpọ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo ti ń lù, ọ̀nà mìíràn ni orin gbà wọlé. Àwọn oníṣẹ́ Baptist débẹ̀ ní 1855, pẹ̀lú orin ìyìn tí ohùn òyìnbó ń fa ọ̀rọ̀ Yorùbá ya. Ẹ ti kọ ọ́ rí: ọ̀rọ̀ fẹ́ lọ sókè, orin ní kó wálẹ̀, ìtumọ̀ á sì yí padà lẹ́nu ìjọ. Nísinsìnyí tí ìlù àti béèsì ti wọ ilé ìjọsìn, ọwọ́ oní-béèsì ló kù tó lè fa ohùn padà síbi tó yẹ.

Bí mo ṣe kọ́ èwo ni kí n yàn nìyí. Mo yá pẹ́dà wáà-wáà lọ́wọ́ ẹni tó ń lu gìtá olóhùn òkè ní ìjọ wa, mo gbé e wá síbi ìdánrawò ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹnu là lóòótọ́, ṣùgbọ́n ikùn pòórá. Ohùn béèsì di tínrín bí okùn rọ́bà. Ìyá tó ń darí àwọn akọrin gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wa dákẹ́. "Bọ̀dá oní-béèsì, ẹ jọ̀ọ́, ilẹ̀ ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ wa o." Ìyá náà kò mọ nǹkan kan nípa pẹ́dà, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ kedere. Okùn tó nípọn jù lára béèsì olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n ní 41 Hz, ti olókùn márùn-ún sì ń lọ sí 31. Pẹ́dà tí wọ́n ṣe fún gìtá kò ka ohun tó wà nísàlẹ̀ yẹn sí. 400 sókè ni ojú rẹ̀ wà, ìyókù ló ń gé dànù.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń béèrè lọ́wọ́ pẹ́dà béèsì ni pé kó fi ikùn sílẹ̀ kó tó la ẹnu. Èyí tí ilé iṣẹ́ Dunlop ṣe fún béèsì, 105Q, ń jẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ kọjá bó ṣe rí, tó sì ń ṣe wáà-wáà rẹ̀ lórí ti òkè nìkan. Bọ́tìnnì kan tí wọ́n kọ Q sí lára wà níbẹ̀ tó ń sọ bí ẹnu ṣe máa ṣù tó. Bí ẹ bá yí i dé òpin, ẹnu á ṣù bíi ti ẹni tó ń súfèé. Èmi kì í jẹ́ kó kọjá ìdajì. Sípíríǹgì ló wà lábẹ́ rẹ̀: ẹ gbé ẹsẹ̀ lé e, ó tàn, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó kú. Ìyẹn dára fún ilé ìjọsìn, torí kò sí ṣúwíìṣì tó máa ta "ká" láàárín àdúrà. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹ kò lè fi ẹnu náà sílẹ̀ ní lílà díẹ̀ kí ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò.

Ẹni tí kò bá lówó rẹ̀, tó sì ní pẹ́dà gìtá nílé, kó pín wáyà béèsì sí méjì: ọ̀kan lọ sínú míksà tààrà, èkejì gba inú pẹ́dà lọ sí ojú ihò mìíràn. Kó wá po méjèèjì pọ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan gbáko.

Kí n má gbàgbé ọyẹ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, eruku oṣù Kejìlá kì í mọ ilé onílé. Bọ́tìnnì inú pẹ́dà tí ẹsẹ̀ ń yí á gba eruku sínú, á wá máa ha "gìrí-gìrí" bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn pẹ́dà Morley ń lo iná dípò bọ́tìnnì, ìyẹn ni pé bí ẹsẹ̀ ṣe ń bo ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ ni ẹnu ṣe ń là, eruku kò sì rí nǹkan ha. Àwọn pẹ́dà tí kò nílò ẹsẹ̀ rárá náà wà, irú Mu-Tron tó jáde ní 1972, tó jẹ́ pé bí ọwọ́ bá ṣe le tó lórí okùn ni ẹnu á ṣe là tó. Bootsy Collins, oní-béèsì Amẹ́ríkà, sọ irú rẹ̀ di olókìkí. Èmi ò fẹ́ ẹ. Ẹnu tó ń là fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti ìyá àgbà.

Ní ọdún tó kọjá, mo gbé béèsì, pẹ́dà àti áńpù kékeré kan lọ sí Ọ̀yọ́, sọ́dọ̀ bàbá onílù kan lágbo ilé Àyàn tó wà lẹ́yìn ọjà Akẹ̀sán. Bàbá lu "wá wò ó" lórí gángan, ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn òkè. Mo fi ìka fa okùn béèsì bí wọ́n ṣe lù ú, mo sì la pẹ́dà sí "wá", mo pa á dé díẹ̀ sí "wò ó". Bàbá ní kí n tún un ṣe, kí n má kánjú. Mo tún un ṣe. Ọmọ-ọmọ wọn kan yọ orí lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọṣẹ.

"Bàbá, ẹ pè mí. Kí ni kí n wá wò?"