Ẹgbẹ́ Aláìlẹ́sìn ní Àbújá àti Òkè Ọya

Ẹgbẹ́ aláìlẹ́sìn ni àkójọpọ̀ àwọn ènìyàn tí wọ́n ń pàdé déédéé, tí wọ́n sì ń ṣe fún ara wọn ohun tí ìjọ tàbí jámáà máa ń ṣe fún àwọn ọmọ rẹ̀, láìfi ìgbàgbọ́ nínú Ọlọ́run tàbí òrìṣà kankan ṣe gbèdéke fún ẹni tó fẹ́ wọlé. Kì í ṣe gbogbo àwọn tó wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kò gba Ọlọ́run gbọ́. Àwọn kan kàn fi ìjọ sílẹ̀ ni, àwọn mìíràn sì tún ń bá ẹbí wọn jókòó nígbà ọdún Kérésì tàbí ọdún Iléyá. Ní Nàìjíríà, irú ẹgbẹ́ yìí kò wọ́pọ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n jù ní Òkè Ọya, níbi tí orúkọ ẹ̀sìn ẹni ti máa ń tẹ̀ lé orúkọ ìlú ẹni bí wọ́n bá ní kí ènìyàn wí ẹni tí òun í ṣe.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ kò ní orúkọ tó rọrùn fún irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí. “Aláìgbàgbọ́” lẹ́nu ọmọ ìjọ lè jẹ́ ẹni tó ń gbàdúrà lójoojúmọ́ ṣùgbọ́n tí kò tíì di àtúnbí; “kèfèrí” lẹ́nu Mùsùlùmí ní èébú nínú, ó sì kan oníṣẹ̀ṣe pẹ̀lú. “Aláìlẹ́sìn” ló sún mọ́ ohun tí à ń sọ jù, òun náà sì ni a ó máa lò níhìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ náà fẹ́ kí wọ́n máa pe àwọn ní humanist, ìyẹn ẹni tó gbájú mọ́ ire ọmọ ènìyàn láìgbé e ka orí ẹ̀sìn.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè

Ìgbìyànjú láti dá ìjọ sílẹ̀ láìsí Ọlọ́run nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Ní ilẹ̀ Faransé, Auguste Comte, tó kú ní 1857, ṣètò ohun tó pè ní ẹ̀sìn ọmọ ènìyàn, tó ní àlùfáà àti kàlẹ́ńdà tirẹ̀, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ní Bràsíl sì kọ́ tẹ́ńpìlì fún un sí Rio de Janeiro. Ní New York, Felix Adler, ọmọ rábì àwọn Júù, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1876 lórí ìlànà pé ìwà ni kí á fi ṣe òṣùwọ̀n ènìyàn, kí á fi ohun tó gbà gbọ́ sílẹ̀ fún un. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ Adler fi dá ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ọ̀fẹ́ sílẹ̀, tí ó sì ń rán nọ́ọ̀sì lọ sí ilé àwọn tálákà tó ń ṣàìsàn. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà títí di òní, nígbà tí ti Comte ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìtàn. Ó ṣòro láti má ro pé àwọn nọ́ọ̀sì yẹn ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù láyé òde òní ni Sunday Assembly, tí àwọn aláwàdà méjì, Sanderson Jones àti Pippa Evans, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2013 nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọn kò lò fún ìsìn mọ́ ní Islington, ní Lọ́ńdọ̀nù. Orin ìgbàlódé ni wọ́n ń kọ dípò orin ìsìn, ẹnì kan a sọ̀rọ̀ lórí sáyẹ́ǹsì tàbí lórí ìgbé ayé, wọn a sì mu tíì kí wọ́n tó tú ká. Ó ràn bí iná inú ọyẹ́ dé Amẹ́ríkà àti Australia, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 2019, púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀ka náà ti ti ilẹ̀kùn. Owó gbọ̀ngàn wọ́n, àwọn díẹ̀ tó ń to àga láìgbowó sì rẹ̀.

Ìwádìí kan tí Chaeyoon Lim àti Robert Putnam gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2010 tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n rí i pé ayé tẹ́ àwọn tó ń lọ sí ilé ìsìn déédéé lọ́rùn ju àwọn tí kì í lọ, ṣùgbọ́n pé àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ní nínú ìjọ gan-an ló fà á. Ẹni tó ń lọ tí kò ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀ kò sàn ju ẹni tó jókòó sílé lọ.

Ní Nàìjíríà

Yorùbá ni ẹni tí a mọ̀ jù nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó sọ gbangba pé òun kò ní ẹ̀sìn. Tai Solarin (1922–1994) fi ipò ọ̀gá ilé ìwé Molusi ní Ìjẹ̀bú-Igbó sílẹ̀, ó sì dá Mayflower School sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, níbi tí wọn kì í ti í fi orin ìsìn àti àdúrà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òòjọ́. Ilé ìwé ni Solarin fi sílẹ̀ lẹ́yìn, kò fi ẹgbẹ́ tí àgbàlagbà lè máa pàdé nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1996 ni Leo Igwe, tó ti kẹ́kọ̀ọ́ láti di àlùfáà Kátólíìkì rí, dá Nigerian Humanist Movement sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ìgbèjà àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn sì wà lára iṣẹ́ tí a fi mọ̀ ọ́n jù. Ní 2014, àjọ àwọn humanist àgbáyé fún Wọlé Ṣóyínká ní àmì ẹ̀yẹ rẹ̀.

Ohun tí òfin sọ àti ohun tí ojú rí

Abala 10 nínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sọ pé ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìjọba. Abala 38 fún olúkúlùkù ní òmìnira èrò, ẹ̀rí ọkàn àti ẹ̀sìn, tó fi mọ́ ẹ̀tọ́ láti yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà, abala 40 sì fún un ní ẹ̀tọ́ láti bá ẹlòmíràn kóra jọ. Kódà nílé ẹjọ́, ẹni tí kò ní ẹ̀sìn lè sọ pé òun yóò sọ òtítọ́ láìfọwọ́ lé Bíbélì tàbí Kùránì. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Maitama ní Àbújá, gbọ́dọ̀ kéde ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, kí ó sì dúró fún ọjọ́ 28 bóyá ẹnì kan yóò takò ó. Fún ẹgbẹ́ oníṣòwò, ìkéde yìí kò ju ìnáwó lásán lọ. Fún ẹgbẹ́ aláìlẹ́sìn, ó túmọ̀ sí kí àwọn alábòójútó gbé orúkọ wọn síta kí àwọn àna àti ọ̀gá ibi iṣẹ́ kà á.

Láti 1999 ni ìpínlẹ̀ 12 ní Òkè Ọya, tí Zamfara ṣíwájú wọn, ti mú òfin Ṣàríà wọ inú ọ̀rọ̀ ìwà ọ̀daràn. Àbújá kò sí lára wọn, àmọ́ ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò níbẹ̀ náà ka títàbùkù ẹ̀sìn sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹjọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ ni ti Mubarak Bala, ọmọ Kánò, ẹnjiníà kẹ́míkà àti ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn humanist Nàìjíríà, tí wọ́n mú ní Kàdúná ní oṣù Kẹrin ọdún 2020 nítorí ohun tó kọ sórí Facebook. Ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ ní Àbújá pàṣẹ ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kí wọ́n tú u sílẹ̀, wọn kò sì tú u sílẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, ilé ẹjọ́ gíga Kánò sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 24 lẹ́yìn tó gbà pé òun jẹ̀bi. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín in kù sí ọdún 5 ní 2024, ó sì jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2025. Ó yéni ìdí tí ẹni tó ní irú èrò bẹ́ẹ̀ ní Òkè Ọya fi máa ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó gbà láti fi ojú kàn án.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú

Láàrin àwọn Yorùbá Òkè Ọya, ohun tó sún mọ́ ẹgbẹ́ aláìlẹ́sìn jù ti wà tipẹ́. Nígbà tí ojú irin dé Kánò ní nǹkan bí 1911, tí wọ́n sì ya Sabon Gari sọ́tọ̀ fún àwọn àjèjì, àwọn oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ rélùwéè láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti ibòmíràn dé pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n tún dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀, níbi tí Kírísítẹ́nì àti Mùsùlùmí ti jọ ń jókòó. Àbújá, tí òfin ọdún 1976 yàn, tí ìjọba àpapọ̀ sì kó wọ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, tún mú un gbilẹ̀ sí i. Yàtọ̀ sí àwọn Gbagyi àti àwọn onílẹ̀ mìíràn, àjèjì ni gbogbo ènìyàn níbẹ̀, ibi tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì ti máa ń béèrè ilé àti iṣẹ́ kò ju méjì lọ: ìjọ tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀.

Ìpàdé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Kubwa tàbí Nyanya sábà máa ń bọ́ sí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, nínú kíláàsì ilé ìwé kan tàbí pálọ̀ ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tó bá pẹ́ dé a san owó ìtanràn kí ó tó jókòó. Akọ̀wé a ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, akápò a ṣí ìwé ńlá tí wọ́n fi rúlà là sí wẹ́wẹ́, a pe orúkọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó jẹ gbèsè oṣù mẹ́ta a sì máa wo ilẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọn a wá béèrè ẹni tó bímọ, ẹni tó wà ní ọsibítù, ẹni tí òbí rẹ̀ kú. Iye tí ẹgbẹ́ ń fún ọlọ́fọ̀ ti wà nínú òfin ẹgbẹ́, ẹnikẹ́ni kì í jiyàn lé e lórí. Àdúrà kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ: Kírísítẹ́nì a fi ṣí ìpàdé, Mùsùlùmí a fi kádìí rẹ̀, tàbí kí ó rí bẹ́ẹ̀ ní ìdàkejì. Bí a bá yọ àdúrà méjì yìí kúrò, ohun tó kù ni ohun tí àwọn ẹgbẹ́ ìlú òyìnbó ń dá owó jọ láti ní. Ẹni tí kò gbàgbọ́ náà ń jókòó níbẹ̀, ó ń ṣe “àmín” tàbí kí ó dákẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń wo ẹnu rẹ̀.

Àbùkù rẹ̀ ni pé ìbí ló ń múni wọ inú rẹ̀. Aya tó wá láti ìlú mìíràn, ọ̀rẹ́ tó jẹ́ Haúsá tàbí Ìgbò, àti ọmọ tí wọ́n bí sí Àbújá tí kò mọ ojú ọ̀nà abúlé bàbá rẹ̀, gbogbo wọn ni yóò máa ṣe bí àlejò. Ibí yìí ni ẹgbẹ́ aláìlẹ́sìn ti ní iṣẹ́ ṣe tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kò lè ṣe.

Ọmọ tuntun, ìyàwó àti òkú

Ìsọmọlórúkọ ni ó rọrùn jù. Oyin, iyọ̀, obì, orógbó, ataare àti omi ni wọ́n ń lò ní ọjọ́ kẹjọ, àgbà ilé a sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wúre nípa ohun tí ó jẹ́: oyin nítorí adùn, iyọ̀ nítorí pé kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ tẹ́. Àgbà yìí kò ní láti jẹ́ pásítọ̀ tàbí ààfáà. Ìgbéyàwó náà ní ọ̀nà tirẹ̀ lábẹ́ òfin: àwọn méjèèjì a fi ìwé tó akọ̀wé ìgbéyàwó létí, wọn a dúró fún ọjọ́ 21, wọn a sì ṣe é kí oṣù mẹ́ta tó pé, láìsí pé ẹnikẹ́ni béèrè ìjọ tí wọ́n ń lọ. Alága ìjókòó àti alága ìdúró yóò ṣe èyí tó kù nílé ìyàwó. Orin nìkan ló máa ń di wàhálà, nítorí orúkọ Olódùmarè kò jìnnà sí orin ayẹyẹ wa; oríkì ló máa ń yọni, torí pé ènìyàn àti ìdílé rẹ̀ ni ó ń kì.

Òkú ni ìdánwò. Ẹni tí kò fẹ́ kí pásítọ̀ tàbí ààfáà sin òun lè kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó fún ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ ní ẹ̀dà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹbí ló ń gba òkú ní mọ́ṣúárì, ẹbí kì í sì í bá àjèjì jiyàn lórí òkú wọn. Ohun tó kù fún ẹgbẹ́ láti ṣe ni ohun tí ìjọ ń ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é ní ìsìn: kí wọ́n dá owó pósí, kí wọ́n wá ọkọ̀, kí ẹnì kan dúró ti ìyàwó òkú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọkọ̀ tó ń gbé òkú láti Àbújá lọ sí ilẹ̀ Yorùbá máa ń fi ìdájí gbéra kí oòrùn tó mú ní ojú ọ̀nà Lọ́kọ́ja, àwọn ẹbí a sì máa ka iye bọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé e.