Bí Àwọn Ìdílé Olóyè Àméníà Ṣe Ń Mulẹ̀, Tí Wọ́n sì Ń Dalẹ̀

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ìtàn Àméníà láàárín ọdún 400 sí 950 lè rò pé ọ̀dàlẹ̀ ni gbogbo olóyè ibẹ̀. Ìdílé tó yọ idà sí Páṣíà lánàá náà ni yóò gba oyè lọ́wọ́ Páṣíà lọ́la. Bí ilẹ̀ náà ṣe rí ló fà á. Ilẹ̀ olókè ni, agbègbè kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìdílé tó ni ín. Nakharar ni wọ́n ń pe àwọn olórí ìdílé wọ̀nyí. Ilẹ̀ kì í ṣe ti ọba, ti ẹbí ni. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní odi tirẹ̀ àti àwọn agẹṣinjagun tirẹ̀. Oyè pàápàá, àjogúnbá ni: Mamikonian ló ń jẹ Balógun, Bagratuni ló ń gbé adé lé ọba lórí.

Róòmù àti Páṣíà pín Àméníà láàárín ara wọn ní nǹkan bí ọdún 387, èyí tó pọ̀ jù sì bọ́ sọ́wọ́ Páṣíà. Ní 428, àwọn nakharar fúnra wọn ló lọ bẹ ọba Páṣíà pé kó rọ ọba àwọn, Artashes, lóyè. Ó rọ̀ ọ́ lóyè, ó sì fi ajẹ́lẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ohun tó kù kò ṣòroó lóye: àwọn ìdílé á kó agẹṣin wá nígbà ogun, wọ́n á san owó orí, Páṣíà á fi ilẹ̀, oyè àti ẹ̀sìn wọn sílẹ̀ fún wọn. Bí Páṣíà bá fọwọ́ kan ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí, ogun dé.

Ẹ̀sìn ni Yazdegerd Kejì, ọba Páṣíà, fọwọ́ kàn. Ó ní kí wọ́n fi ẹ̀sìn Kristẹni sílẹ̀ fún ti Zoroaster, ẹ̀sìn àwọn ará Páṣíà. Vardan Mamikonian kó ogun jọ. Vasak, olórí ìdílé Syunik tó ń ṣe ajẹ́lẹ̀ nígbà náà, dúró ti Páṣíà. Àwọn Vardan ránṣẹ́ sí Constantinople, olú ìlú Róòmù níhà ìlà-oòrùn (tí à ń pè ní Byzantium), ìrànlọ́wọ́ kò wá. Vardan kú lójú ogun ní Avarayr ní 451, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Vahan, ọmọ arákùnrin rẹ̀, tún dìde. Nígbà tí àwọn Hephthalite, ọ̀tá Páṣíà níhà ìlà-oòrùn, pa ọba Páṣíà, Peroz, ní 484, agbára Páṣíà kò ká ogun méjì mọ́. Wọ́n bá Vahan ṣàdéhùn ní Nvarsak, wọ́n jọ̀wọ́ ẹ̀sìn fún un, kò sì pẹ́ tí ọlọ̀tẹ̀ àná fi di ajẹ́lẹ̀.

Nígbà tí àwọn Lárúbáwá gba ipò Páṣíà, wọ́n bá ètò yìí nílẹ̀. Àdéhùn tí Theodore Rshtuni, ọ̀kan nínú àwọn nakharar, bá Muawiya, gómìnà Síríà, ṣe ní nǹkan bí 652 yẹ ní wíwò dáadáa. Kò ní í sí owó orí fún ọdún mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ohun tó bá wu àwọn ará Àméníà ni wọ́n á san. Wọ́n á máa bọ́ agẹṣin 15,000, àwọn Lárúbáwá ò ní pè wọ́n lọ jagun ní Síríà, kò sì sí ọ̀gágun Lárúbáwá kankan tí yóò wọ odi wọn. Àdéhùn tó dára gan-an ni fún ilẹ̀ kékeré. Síbẹ̀, nígbà tí Constans, ọba Byzantium, kó ogun wọ Àméníà, ọ̀pọ̀ nakharar lọ tẹríba fún un. Ibi tí ìdílé kan bá ti mulẹ̀, ìdílé tó ń bá a du ipò á wá onígbọ̀wọ́ ní òdìkejì.

Ogun Bagrevand ní 775, níbi tí àwọn Lárúbáwá ti ṣẹ́gun àwọn nakharar tó ṣọ̀tẹ̀, fọ́ agbára Mamikonian, Bagratuni ló sì jèrè rẹ̀. Ní nǹkan bí 884, Ashot Bagratuni gba adé láti Baghdad, olú ìlú àwọn Lárúbáwá. Byzantium náà fi adé tirẹ̀ ránṣẹ́.

Ìṣòro dé bá Smbat, ọmọ Ashot tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, nítorí agbègbè Nakhichevan. Ó gbé e fún ìdílé Syunik, Gagik, olórí ìdílé Artsruni, sì ní ti ìdílé òun ni. Arábìnrin Smbat ló bí Gagik, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí i lọ́wọ́. Ó tọ Yusuf, ẹ́mírì (gómìnà Mùsùlùmí) Azerbaijan, lọ, ìyẹn sì fi í jọba ní 908. Àwọn méjèèjì jọ gbógun ti Smbat. Nígbà tó yá, Gagik rí bí Yusuf ṣe ń ba ilẹ̀ náà jẹ́, ó sì kẹ̀yìn sí i. Ẹ̀pa ò bóró mọ́: Yusuf pa Smbat ní 914, ó sì gbé òkú rẹ̀ kọ́ ní ìlú Dvin. Ashot Kejì, ọmọ Smbat, gba ọmọ ogun wá láti Byzantium. Yusuf wá fi adé lé ìbátan Ashot Kejì yìí lórí, ẹni tóun náà ń jẹ́ Ashot, kí ìbátan náà lè máa bá Ashot Kejì jà.