Ìtàn Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Wíwọn Họ́mọ́ònù Inú Ìtọ̀

Láàárín àwa Yorùbá tó wà ní Kubwa àti Gwagwalada, a máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé bí họ́mọ́ònù inú ìtọ̀ bá ti pé, kíndìnrín kò níṣòro. Ẹni tó bá mọ ibi tí àyẹ̀wò yìí ti ṣẹ̀ wá kò ní sọ bẹ́ẹ̀, nítorí oyún ni wọ́n fi ń wá.

Ilẹ̀ Áfíríkà ni mo gbà pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé papyrus kan láti Íjíbítì, tó ti lé ní 3,000 ọdún, ní kí obìnrin máa tọ̀ sórí àlìkámà àti ọkà bálì lójoojúmọ́; bí irúgbìn bá hù, ó ti lóyún nìyẹn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ dán an wò lọ́dún 1963, nǹkan bí 70 nínú 100 ìtọ̀ aláboyún ló jẹ́ kí irúgbìn hù, ti ọkùnrin kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Bóyá àgbẹ̀ kan ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà wa ṣe ń fura sí àtọ̀gbẹ níbi tí èèrà bá ti ṣù bo ìtọ̀. Àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà lọ́dọ̀ àwọn dókítà Aschheim àti Zondek, tí wọ́n gún eku ní abẹ́rẹ́ ìtọ̀ aláboyún ní Berlin ní nǹkan bí 1927 láti fi họ́mọ́ònù inú rẹ̀ mọ oyún, ìparí ni wọ́n ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà ti kíndìnrín yàtọ̀. Hippocrates, dókítà Gíríìkì àtijọ́, ti sọ pé ìfófó lójú ìtọ̀ jẹ́ àmì àrùn kíndìnrín tí yóò pẹ́ lára. Ní London, lọ́dún 1827, dókítà Richard Bright so ó mọ́ àrùn kíndìnrín pé ìtọ̀ aláìsàn tí wọ́n bá gbé sórí iná nínú ṣíbí a máa dì bí ẹyin funfun. Purotéènì ló ń dì bẹ́ẹ̀, kì í ṣe họ́mọ́ònù.

Họ́mọ́ònù kan tó ń jẹ́ cortisol fi ìyàtọ̀ náà hàn kedere. Ẹ̀yà ara kékeré tó wà lórí kíndìnrín ló ń ṣe é, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n nínú ìtọ̀ wákàtí 24. Bí sísẹ́ tí kíndìnrín ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ ju milílítà 60 lọ ní ìṣẹ́jú kan, cortisol inú ìtọ̀ máa ń dínkù, bó tilẹ̀ pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Kódà erythropoietin, họ́mọ́ònù tí kíndìnrín fúnra rẹ̀ ń ṣe, kéré nínú ìtọ̀ débi pé 2,550 lítà ìtọ̀ láti Japan ni wọ́n lò kí wọ́n tó yọ ọ́ jáde lọ́dún 1977.

Creatinine inú ẹ̀jẹ̀, ìdọ̀tí kan tí kíndìnrín ń sẹ́ jáde, tí ìyípadà àwọ̀ tí Jaffe ṣàwárí lọ́dún 1886 ṣí ọ̀nà wíwọ̀n rẹ̀, àti albumin, purotéènì kan, inú ìtọ̀ ni àwọn dókítà ń lò lónìí láti mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́.