Bí ìpè orí rédíò ṣe ń di ẹjọ́

Ká ní ètò àárọ̀ ń lọ lórí rédíò kan ní Ìjẹ̀bú Òde, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti ka nọ́ńbà fóònù, ẹnì kan wá pè wọlé láti Àgọ́ Ìwòyè tìbínútìbínú, ó dárúkọ ọkùnrin kan pé olè ni, pé ó ta ilẹ̀ bàbá òun fún èèyàn méjì. Ọ̀pọ̀ rò pé olùpè nìkan ló wọ wàhálà. Rárá o, iléeṣẹ́ rédíò ló gbé ọ̀rọ̀ yẹn sáfẹ́fẹ́, torí náà ẹni tí wọ́n dárúkọ lè pe olùpè, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ àti iléeṣẹ́ lẹ́jọ́ pa pọ̀ pé wọ́n ba òun lórúkọ jẹ́.

Ẹ̀rọ kan wà tó ń dá ohùn olùpè dúró díẹ̀ kó tó dé etí ará ilé, kí ẹni tó wà ní sítúdíò lè ráyè gé orúkọ yẹn dànù. Ẹ̀rọ nìkan ò tó ṣá. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó mọṣẹ́ á ti kìlọ̀ kí ìpè tó wọlé pé ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni, tó bá wá bọ́ lẹ́nu olùpè, á gba ọ̀rọ̀ yẹn kúrò níbẹ̀, kò ní máa bi í pé kí ló tún ṣe. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe jù nìyẹn, torí ọ̀rọ̀ tó gbóná làwọn èèyàn ń dúró gbọ́, ó sì dunni gan-an, torí ẹni tí wọ́n ń dárúkọ yẹn lọ́mọ, ó láya, kò sì sí níbẹ̀ láti fèsì. "Wọ́n ní ni, mi ò sọ pé mo rí i" ò gbani ní kóòtù o, ẹni tó tún ọ̀rọ̀ ìbanilórúkọjẹ́ sọ, òun náà ti sọ ọ́. Ohun tó lè gbani ni ẹ̀rí pé òótọ́ ni.

Tí ẹjọ́ ilẹ̀ náà bá ti wà ní kóòtù, wọ́n lè ròyìn ohun tí lọ́yà àtàwọn ẹlẹ́rìí sọ níbẹ̀, àmọ́ kí wọ́n má dá ẹjọ́ lórí rédíò.

NBC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, tí òfin 1992 dá sílẹ̀, náà lè bá iléeṣẹ́ wí, láìsẹ́ǹsì wọn wà lọ́wọ́ ẹ̀. Owó ìtanràn ni kóòtù ò fara mọ́: lọ́jọ́ 10 oṣù karùn-ún 2023, Federal High Court l'Ábújá wọ́gi lé 500,000 náírà tí NBC bù lé iléeṣẹ́ 45 lọ́kọ̀ọ̀kan ní 2019, adájọ́ ní NBC kì í ṣe kóòtù.

Kò pọn dandan kẹ́ni tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti kóòtù ṣá. Ó lè kọ̀wé sí iléeṣẹ́ pé òun fẹ́ fèsì, tí wọ́n bá kọ̀, kó kọ̀wé sí NBC. Iléeṣẹ́ tó bá tètè tọrọ àforíjì, kóòtù lè rò ó mọ́ ọn lára tó bá ń ṣírò owó gbà-má-bínú, àmọ́ inú ètò àárọ̀ yẹn gan-an ni kó ti tọrọ ẹ̀, kì í ṣe lóru tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́.