Mo Mọ̀ Pé Eré Ni, Kí Ló Dé Tí Mo Tún Ń Sunkún?

Ìbéèrè: Òṣèré tó "kú" nínú fíìmù tí mo wò lálẹ́ àná, mo rí i lórí fóònù láàárọ̀ yìí níbi tó ti ń jó lóde ìnáwó. Mo kúkú mọ̀ pé kò kú. Kí ló wá dé tí mo fi sunkún títí ojú mi fi wú?

Ẹni kankan ò tàn yín jẹ. Ká ní wọ́n tàn yín ni, ẹ ò ní jókòó máa jẹ gúgúrú. Ọlọ́pàá lẹ máa pè. Ọ̀rọ̀ yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn amòye. Lọ́dún 1975, Colin Radford kọ ọ́ pé ohun tí à ń ṣe yìí kò bọ́gbọ́n mu, nítorí à ń káàánú ẹni tí a mọ̀ pé kò sí láyé rí. Lọ́dún 1978, Kendall Walton ní tirẹ̀ ní òǹwòran náà ń bá wọn ṣeré ni, bí ọmọdé tó ń fi yẹ̀pẹ̀ se oúnjẹ.

Mi ò mọ èyí tó borí nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹkún ìyàwó là á yé ni jù wọ́n lọ. Ní àgbègbè Ọ̀yọ́, ọmọbìnrin tó ń lọ sílé ọkọ á ti kọ́ ẹkún náà sílẹ̀ kó tó sun ún níwájú ìyá àti bàbá rẹ̀. Gbogbo ará ilé ló mọ̀ pé àkọ́sórí ni. Síbẹ̀, omijé tó ń bọ́ lójú ìyá náà kì í ṣe àkọ́sórí. Ó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹkún ọmọ rẹ̀ ló kàn fún un láyè.

Ìbéèrè: Nínú fíìmù, ta ló ń fa ẹkún náà jáde? Ṣé òṣèré ni?

Òun nìkan kọ́. Ní Rọ́ṣíà, lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 1917, olùdarí fíìmù kan, Lev Kuleshov, mú àwòrán ojú òṣèré kan tí kò rẹ́rìn-ín, tí kò sì fajú ro. Ó so ó mọ́ àwo ọbẹ̀, ó so ojú yìí kan náà mọ́ ọmọ tó wà nínú pósí, ó tún so ó mọ́ arẹwà obìnrin. Gẹ́gẹ́ bí àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ṣe ròyìn rẹ̀, ńṣe làwọn òǹwòran ń yin òṣèré náà pé ó mọ eré ṣe: ebi ń pa á, ìbànújẹ́ bá a, ìfẹ́ wọ̀ ọ́ lójú. Ojú kan náà ni o! Àwọn tó tún un dán wò lẹ́yìn náà kò rí èsì kan náà nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gé fíìmù ṣì ń lo ọgbọ́n náà títí dòní. Àwa tí à ń wò ó la kọ ìbànújẹ́ sójú ọkùnrin yẹn.

Ohùn wá ńkọ́? Nínú Psycho tí Alfred Hitchcock ṣe lọ́dún 1960, wọ́n gún obìnrin kan lọ́bẹ nínú balùwẹ̀. Fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun ni, omi ṣokoléètì sì ni "ẹ̀jẹ̀" tó ń ṣàn. Hitchcock kọ́kọ́ ní òun kò fẹ́ orin kankan níbẹ̀. Bernard Herrmann, tó ń ṣe orin fíìmù náà, kọ ọ́ ṣá, fáólìnì tó ń han gooro bí ẹyẹ tí wọ́n ń fún lọ́rùn. Nígbà tí ọ̀gá gbọ́ ọ, ó gbà. Ẹ pa ohùn tẹlifíṣọ̀n yín níbi tí ẹ̀rù ti bà yín jù, kí ẹ tún un wò. Ẹ lè rẹ́rìn-ín.

Èyí kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Tí ìyá ìlù bá dojú kọ ènìyàn lóde, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì ìdílé rẹ̀ pè é, orí á wú, ọwọ́ á sì wọ àpò.

Ìbéèrè: Ṣé kò ju omijé àti ìbẹ̀rù lásán lọ?

Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1964, lẹ́yìn tí Hubert Ogunde ṣe eré Yorùbá Ronú, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀: wọn kò gbọ́dọ̀ ṣeré ní ẹkùn náà mọ́. Ìtàn ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn tó wò ó mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ọdún 1966, lẹ́yìn táwọn ológun gbàjọba, ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà.

Ìbéèrè: Ìyàwó mi sunkún, èmi ò sun. Ṣé ọkàn mi yigbì ni?

Bóyá fóònù lẹ ń tẹ̀. Ẹni tó ti sin ìyá rẹ̀ àti ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣì wà kì í wo ìsìnkú bákan náà. Èmi, ibi tí wọ́n ti ń sìnkú kì í mú mi. Ṣùgbọ́n kí bàbá kan sáà jókòó, kó máa ka owó iléèwé ọmọ tí kò pé, kó tún un kà, mo ti dìde nìyẹn, mo ní mò ń lọ bu omi mu.